Àtúnṣe Àṣìjó Lẹ́ẹ̀dì Lórí Páńẹ́ẹ̀lì

Atọ́kùn ètò wa ti bi mí léèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé kí ni ó pa olùkọ́ èdè àti irin gbígbóná pọ̀. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní sá fún un. Ọ̀rọ̀ ni ó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo ń ṣa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ ní ìsọ̀ àwọn atúnrédíòṣe, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè wo ẹ̀yìn rédíò kan kí ó sì wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ọ̀gá, ẹsẹ̀ yìí kò mu lẹ́ẹ̀dì.” Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, ṣùgbọ́n àbùkù, ibi tí ó wà, àti ohun tí ó fà á ni ó ti sọ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, ẹ̀wẹ̀, lè kọ orúkọ àbùkù yẹn sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò, kí ó gba máàkì sí i, kí ó má sì lè fi ìka tọ́ka sí i bí a bá gbé e síwájú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lónìí ni àṣìjó lẹ́ẹ̀dì: bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti ìdí tí kò fi yẹ kí olùkọ́ kankan ju páńẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù nítorí rẹ̀. Àṣà jíju-nù yìí ti wọ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lára. Ọmọ yóò jókòó ti páńẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò so bátìrì mọ́ ọn, iná kò ní tàn. Olùkọ́ yóò kọ òdo sí i, iṣẹ́ sì parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ náà yóò gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti òun. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ẹ̀yà tí ó wà lórí páńẹ́ẹ̀lì náà ni ara wọn le koko; oríkèé kan ṣoṣo ni kò mú. Kò sí oníṣègùn tí í sin aláìsàn nítorí pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀.

Kí a má baà máa ṣi ara wa gbọ́, ẹ jẹ́ kí n la àwọn orúkọ tí n ó máa lò sílẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ tí a to ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, tí bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sì là á kọjá bí ọ̀nà oko, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páńẹ́ẹ̀lì. Wáyà rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi so ẹsẹ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́ bàbà ni wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan nínú àwa onímọ̀ èdè fẹ́ kí a pè é ní òjé. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé wáyà yìí kì í ṣe òjé nìkan: àdàlù òjé àti tánńganran ni, irú tánńganran tí a ń wà nílẹ̀ ní agbègbè Jos. Lóòótọ́, òjé náà ni lẹ́ẹ̀dì ní èdè àwọn tí a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu tiwa, wáyà yẹn nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú ní ìsọ̀. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ àti bàbà ti pàdé ni n ó máa pè ní oríkèé. Bàbà róbótó tí ó yí ihò ẹsẹ̀ ká ni n ó máa pè ní òrùka.

Àdàlù tí mo wí yìí ní ìwà kan tí ó yani lẹ́nu. Òjé nìkan kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 327°C. Tánńganran nìkan ń yọ́ ní 232°C. Ṣùgbọ́n bí a bá po ìdá 63 tánńganran mọ́ ìdá 37 òjé nínú ọgọ́rùn-ún, 183°C ni àdàlù náà yóò yọ́, ooru tí kò tó ti èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Kì í rọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dì lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó jẹ́ 60 sí 40, tí ó pọ̀ lọ́jà, kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bí 190°C àti 183°C, ṣe ni ó ń dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n ní àkókò náà, ara oríkèé yóò fọ́ sínú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2006 ka òjé léèwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Tánńganran tí a fi bàbà díẹ̀ tàbí fàdákà díẹ̀ là ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀, èyí tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 217°C sí 227°C. Irú èyí kì í dán púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a jó o dáadáa. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi dídán nìkan ṣe ìdájọ́ oríkèé. Kí ó wo bí ó ti tẹ́ sí.

Nínú ihò wáyà lẹ́ẹ̀dì ni oje igi páìnì wà. Òun ni ó ń rú èéfín tí a ń rí, òun náà ni ó ń wẹ bàbà mọ́ kí lẹ́ẹ̀dì tó lè mú un, nítorí pé bàbà tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí yóò ti ní awọ dúdú lára, lẹ́ẹ̀dì kì í sì í bá awọ náà ṣe ọ̀rẹ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọn a yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ẹnu irin, wọn a sì gbé e lọ lẹ̀ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń fi amọ̀ dí ihò ògiri. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, oje ti jóná tán. Bí ó ti yẹ kí ó rí ni kí ẹnu irin kan òrùka àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì fi wáyà lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n láti òdì kejì. Irin ni yóò mú bàbà gbóná, bàbà ni yóò yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá ti tẹ́ yíká, a óò kọ́kọ́ yọ wáyà, lẹ́yìn náà ni a óò gbé irin kúrò. Bí ẹnu irin bá wà ní nǹkan bí 320°C sí 350°C, gbogbo iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àṣìjó ni èyí tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi gbígbẹ ṣe orúkọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí olùkọ́ tú u gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, “oríkèé gbígbẹ,” kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa wá omi tí ó gbẹ lórí páńẹ́ẹ̀lì. Irú ìtumọ̀ báyìí kò la ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú ń rí ni kí a sọ. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí omi òjò lórí ewé kókò? Omi náà kì í tẹ́ sí ara ewé. Ṣe ni ó ń ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ó ń yí gbirigbiri, bí a bá sì gbọn ewé náà, omi á dà nù, ewé á gbẹ bí ẹni pé omi kò kàn án rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́ẹ̀dì ń ṣe lórí bàbà tí kò gbóná tó tàbí tí ó dọ̀tí. Oríkèé ewé-kókò ni mo ń pè é, mo sì ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lẹ́ẹ̀kan kì í tún béèrè bí ó ti ń rí. Oríkèé tí ó dára kò jọ ọ́ rárá. Etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí òrùka, ó sì gun ẹsẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdí igi ìrókò ti ń fẹ̀ wọ ilẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó lòdì sí ohun tí ọkàn ń sọ fúnni. Ọkàn yóò ní kí a fi lẹ́ẹ̀dì kún un. Bí a bá fi kún un, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò kàn tóbi sí i ni. Ohun tí ó ṣàìní ni ooru àti oje. Ẹ fi péésìtì díẹ̀ sí i, irú èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ rédíò, kì í ṣe ti àwọn tí ń jó páìpù omi, nítorí pé ásíìdì inú tiwọn yóò máa jẹ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnu irin kan òrùka àti ẹsẹ̀ pọ̀, kí a sì fi lẹ́ẹ̀dì tuntun bí orí abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ óò rí i tí ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò ṣàdédé tú ká. Bí kò bá tú ká, bàbà náà dọ̀tí jù. A óò fa lẹ́ẹ̀dì kúrò, a óò fi abẹ fá ojú bàbà títí yóò fi pọ́n, a óò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni oríkèé tí a mì nígbà tí ó ń dì. Ara rẹ̀ máa ń rí hánrunhànrun, nígbà mìíràn ẹ óò rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yí ẹsẹ̀ ká bí ẹ̀gbà ọrùn. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ tún máa ń hàn lára ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà, pàápàá ní ìdí ẹ̀yà tí ó wúwo tàbí tí ó máa ń gbóná. Rédíò tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá gbá a létí, oríkèé bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Gbígbá náà ni ó ń mú kí bàbà àti ẹsẹ̀ pàdé fún ìgbà díẹ̀. Kí a tún un yọ́ pẹ̀lú oje tuntun, kí a sì di ọwọ́ wa mú, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àpẹẹrẹ kan tí ó wà lójú iṣẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń tò: iná kékeré kan tí ń ṣẹ́jú. Áísì tí wọ́n ń pè ní 555 ni ọkàn rẹ̀. Hans Camenzind ni ó ya àwòrán áísì yìí, ilé-iṣẹ́ Signetics ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbé e jáde sọ́jà ní ọdún 1972. Títí di òní ni a sì ń lò ó. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì, mìlímítà 2.54 sì ni ó wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Ẹsẹ̀ kìíní lọ sí òdì bátìrì, èyí tí a fi àmì àyọkúrò sí. Ẹsẹ̀ kẹrin àti ẹsẹ̀ kẹjọ lọ sí apá àmì àròpọ̀. Ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹfà so pọ̀, wọ́n sì lọ bá kapásítọ̀ kan, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì lọ sí òdì bátìrì. Láti ẹsẹ̀ kẹta ni agbára ti ń jáde, tí ó gba inú rẹ̀sísítọ̀ kọjá lọ tan iná LED. Kapásítọ̀ yìí ni ó dà bí àmù: bí ó bá kún dé ibì kan, áísì yóò pa iná; bí ó bá fà dé ibì kan, áísì yóò tún un tàn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan kí a tó lọ síwájú. Bí a bá wo áísì láti òkè, tí ibi tí a gé ní orí rẹ̀ wà lókè, apá òsì ni a ti ń ka ẹsẹ̀ wálẹ̀, a ó sì gba apá ọ̀tún gòkè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì ni a ti ń jó lẹ́ẹ̀dì, bí a bá sì ti yí i padà, ọ̀tún ti di òsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń wá àbùkù ẹsẹ̀ kejì ní ìdí ẹsẹ̀ keje. Kí wọ́n fi jẹ́lú kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbà pé ọmọ kan so bátìrì mọ́ tirẹ̀, iná náà sì tàn gbọ̀ọ̀, kò ṣẹ́jú. Olùkọ́ tí kò ní sùúrù yóò ní áísì ti bàjẹ́. Àìsàn mẹ́ta, ó kéré tán, ni ó lè gbé àmì kan ṣoṣo yìí jáde, kò sì sí èyí tí ó kan ìwà láàyè áísì nínú wọn.

Èkíní ni kí lẹ́ẹ̀dì ti ṣe afárá láàárín ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kejì. Kapásítọ̀ kò ní lè kún mọ́, nítorí pé ohun gbogbo tí ó bá wọ inú rẹ̀ ni yóò gba orí afárá lọ. Áísì yóò sì máa rò pé àmù ṣófo títí ayé, yóò máa tan iná lọ. Èkejì ni kí afárá wà láàárín ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ kẹrin. Níhìn-ín, agbára bátìrì ti gba ẹ̀yìn lọ bá iná tààrà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé bí ẹ bá fi ìka kan òkè áísì, ara rẹ̀ yóò tutù ní ti èkíní, ṣùgbọ́n ní ti èkejì yóò máa gbóná, nítorí pé ó ń gbìyànjú láti pa iná tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí a tètè yọ bátìrì bí a bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Bí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ bá jẹ́ oríkèé ewé-kókò, tí kò kan bàbà rárá, iná kò ní kú. Àmù tí áísì ń pọn omi sí ti di ìdérí ìgò, ó ń kún ó ń fà lọ́nà tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè bá a dé. Iná náà ń ṣẹ́jú ní tòótọ́, ojú wa ni kò rí i. Ẹ lè ṣàkíyèsí pé ó ṣú díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Báwo ni a óò ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan irin gbígbóná ná. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó wá láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fi òjìji afárá hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà sí ipò tí ó ti ń dún bí bàbà bá pàdé bàbà, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kejì. Bí ó bá dún ṣókí tí ó sì dákẹ́, kapásítọ̀ ni ó ń mu agbára mítà, kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí ó bá ń dún lọ láìdákẹ́, afárá wà. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ kẹrin. Bí méjèèjì bá dákẹ́, ẹ fi ẹnu kan mítà kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ ní òkè páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹnu kejì wà lórí ẹsẹ̀ kejì áísì. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kàn, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé títẹ̀ lè mú kí oríkèé tí kò mú pàdé fún ìgbà díẹ̀, kí mítà sì purọ́ fún yín.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wó afárá. Bí ó bá kéré, kí a nu ẹnu irin mọ́ dáadáa, kí a fi péésìtì sí afárá náà, kí a sì fa ẹnu irin láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì wá sí ọ̀dọ̀ ara wa lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀dì tí ó pọ̀ jù yóò tẹ̀lé irin. Bí ó bá pọ̀, a óò lo irun bàbà tí a dì bí irun orí obìnrin. A óò tẹ́ ẹ lé orí afárá, a óò fi irin tẹ̀ ẹ́ láti òkè, dìdì náà yóò sì fa lẹ́ẹ̀dì mu gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Kí a gbé irin àti dìdì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé irin, dìdì yóò lẹ̀ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, bí ó bá sì fà á tipátipá, yóò fa òrùka tu.

Òrùka títu yìí ni àṣìjó tí ó ń dá ẹ̀rù bani jù, ooru àpọ̀jù ni ó sì ń fà á. Bàbà orí páńẹ́ẹ̀lì tínínrín púpọ̀: ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà ni ti èyí tí ó wọ́pọ̀. Lẹ́ẹ̀ ni ó so ó mọ́ pátákó, lẹ́ẹ̀ náà kò sì fẹ́ ooru pípẹ́. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi pépà ṣe, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́, ni ó tètè ń tu jù; èyí tí a fi òwú gíláàsì ṣe le jù wọ́n lọ. Bí òrùka bá tu, kí a má ṣe lẹ̀ ẹ́ padà bí ẹni lẹ sítáǹbù. Kí a tọ ipa ọ̀nà bàbà náà lọ sí ibi tí ó ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí a fi abẹ fá ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ó bò ó títí bàbà yóò fi hàn, kí a fi lẹ́ẹ̀dì fẹ́ẹ́rẹ́ bo ibẹ̀, kí a sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí òrùka rẹ̀ tu. Bí afárá wáyà náà kò bá rẹwà, kò burú. Iná kì í wo ẹwà ọ̀nà kí ó tó gbà á.

Ó ku yíyọ ẹ̀yà tí a fi sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí a kọ orí rẹ̀ sódì. LED tí a kọ sódì kò ní tàn, kì í sì í sábà bàjẹ́; ṣùgbọ́n kapásítọ̀ tí ó ní àmì àyọkúrò lára, bí a bá kọ ọ́ sódì, ó lè gbóná kí ó sì bẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ yọ ẹ̀yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún oríkèé rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí dà bí kí a da omi sí inú àmù tí a fẹ́ gbọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n oje inú lẹ́ẹ̀dì tuntun ni yóò jẹ́ kí ti àtijọ́ yọ́ dọ́gba. Bí ó bá ti yọ́, a óò gbé ẹnu sọ́kà lé e, a óò sì tẹ̀ ẹ́ kí ó fà á mu. Ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ní wàhálà. Ti áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni kí a rò dáadáa: áísì 555 kò wọ́n, páńẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì tò ni ó níye lórí. Kí a fi ẹnu pílíásì gé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi ẹ̀mú kékeré yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lè ra ìjókòó áísì, kí wọ́n máa jó ìjókòó náà mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì máa ti áísì bọ̀ ọ́ nígbà tí ohun gbogbo bá ti tutù.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlera, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà níwájú wa. Òjé jẹ́ májèlé. Kì í bá èéfín jáde ní ìwọ̀n ooru tí a ń lò, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, kí gbogbo ọwọ́ sì kan omi àti ọṣẹ lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín oje igi náà kì í ṣe ohun fífà símú. Ó lè fa ikọ́ fée. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ tí a ń ti bọ iná ilé kì í ṣe ohun ìkọ́ṣẹ́ fún olùbẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pé kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún àwọn olùkọ́ èdè. A ti fi ọ̀nà hàn, nígbà náà, pé ìmọ̀ jinlẹ̀ kì í ha Yorùbá lọ́fun. Iṣẹ́ tí ó kù sọ́wọ́ olùkọ́ tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ ni kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rí kí ó tó kọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ràn mi nípa máàkì kò ṣòro. Bí iṣẹ́ bá ní máàkì mẹ́wàá, ẹ fi mẹ́rin fún bí a ti jó o ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ sì fi mẹ́fà fún àkọsílẹ̀ àbùkù: kí ni ọmọ náà rí, kí ni ó rò pé ó fà á, kí ni mítà wí, kí ni ó ṣe sí i. Fún ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ tàn ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fún un ní páńẹ́ẹ̀lì kan tí ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi afárá àti oríkèé ewé-kókò sí, kí òun náà lè ní ohun tí yóò kọ sílẹ̀.

Nígbà tí àtúnṣe bá parí, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ oje tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, kí ó gbẹ, kí a tún fi mítà wo apá àmì àròpọ̀ àti apá àmì àyọkúrò pé wọn kò pàdé. Lẹ́yìn náà ni kí bátìrì kàn án. Lórí páńẹ́ẹ̀lì tèmi yìí, rẹ̀sísítọ̀ ẹgbàárùn-ún óòmù kan, èkejì tí ó jẹ́ 68,000 óòmù, àti kapásítọ̀ 10 màíkírófárádì ni mo lò, ìṣirò sì fi hàn pé iná náà yóò máa ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá kà á tí ó jẹ́ 52 tàbí 68, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tún gbé irin gbígbóná: irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye tí a kọ sí ara rẹ̀, kò sì sí lẹ́ẹ̀dì tí ó fa ìyẹn.